Fritz Heinrich Lewy

Fritz Heinrich Lewy (28 oṣù Kìíní 1885 – 5 oṣù Kẹwàá 1950), ẹni tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Frederic Henry Lewey lẹ́yìn tí ó dé Amẹ́ríkà, jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ tí wọ́n bí sí ìdílé Júù ní ìlú Berlin ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣàpèjúwe àwọn kókó kéékèèké tí ó máa ń hù nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn tí àrùn Parkinson ń bá jà. Kókó Lewy ni gbogbo ayé ń pe àwọn kókó náà lónìí.

Ẹni ọdún 27 ni Lewy nígbà tí ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1912. Ní àkókò náà, ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àrùn Parkinson kò ju pé ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ó sì ń mú ẹsẹ̀ wúwo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé kì í ba làákàyè ènìyàn jẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú Lewy ni ó tó hàn gbangba pé àwọn kókó tí ó rí wọ̀nyí wà lára ohun tí ó fà á tí iyè ọ̀pọ̀ aláìsàn Parkinson fi ń rà bí àrùn náà bá ti pẹ́ lára wọn, ìyẹn àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní dìmẹ́ńṣíà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Wọ́n bí Lewy ní ìlú Berlin ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní ọdún 1885. Dókítà ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin àti ní Zürich ní orílẹ̀-èdè Switzerland, ó sì gba oyè dókítà ní Berlin ní ọdún 1910. Ní Zürich, ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Constantin von Monakow, gbajúmọ̀ onímọ̀ tí ó ń wádìí bí apá kan ọpọlọ ṣe so mọ́ òmíràn.

Àkókò tí Lewy jáde yìí jẹ́ àkókò tí ìmọ̀ nípa ọpọlọ ń gbèrú gan-an ní Jámánì. Àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gé ọpọlọ òkú sí pẹlẹbẹ tí ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Wọ́n tún ti mọ bí wọ́n ṣe lè rẹ àwọn pẹlẹbẹ náà sínú oríṣiríṣi aró, kí sẹ́ẹ̀lì lè yọ kedere lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Franz Nissl ni ó gba ipò iwájú nínú iṣẹ́ aró yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Alois Alzheimer, ẹni tí Lewy lọ bá ní Munich ní kété tí ó gba oyè rẹ̀.

Ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ nípa àrùn Parkinson ṣáájú rẹ̀

Ní ọdún 1817 ni James Parkinson, oníṣègùn kan ní ìlú London, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa àìsàn tí ó ń mú ara gbọ̀n. Ènìyàn mẹ́fà péré ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó kàn rí lójú pópó. Ó ṣàlàyé bí ọwọ́ ṣe ń gbọ̀n nígbà tí ó bá wà ní ìsinmi, bí ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀, àti bí ìrìn aláìsàn ṣe ń di ìsáré láìròtẹ́lẹ̀. Ó tún kọ ọ́ pé làákàyè àwọn aláìsàn náà kò ní àbùkù kankan. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Jean-Martin Charcot, àgbà oníṣègùn ní ìlú Paris, fi orúkọ Parkinson pe àrùn náà.

Ọ̀rọ̀ tí Parkinson sọ nípa làákàyè yìí fìdí múlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí arúgbó tí ó ní àrùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tàbí tí ó ń rí ènìyàn tí kò sí nínú yàrá, wọ́n a ní ogbó ni. Wọn kò ka ogbó náà mọ́ àrùn tí ó ń mú ọwọ́ gbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn oníṣègùn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ibi tí àrùn náà wà nínú ara. Àwọn kan ń wò ó nínú iṣan, àwọn kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn mìíràn nínú ọpọlọ. Iṣẹ́ tí ó dúró de Lewy nìyí.

Ní yàrá ìwádìí Alzheimer

Ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ti ìjọba ní Munich, tí Emil Kraepelin jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ni yàrá ìwádìí Alzheimer wà. Ní ọdún 1906, Alzheimer ti ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ohun tí ó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí iyè rẹ̀ rà kí ó tó di arúgbó. Ní ọdún 1910, ọdún tí Lewy dé, Kraepelin fi orúkọ Alzheimer pe àìsàn náà nínú ìwé ńlá rẹ̀. Láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣègùn ti ń wá sí yàrá yìí láti kọ́ bí a ti ń fi máíkírósíkóòpù wo ọpọlọ.

Ìlànà ibẹ̀ ni pé kí oníṣègùn mọ aláìsàn dáadáa nígbà tí ó wà láàyè, kí ó kọ gbogbo ìṣesí rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì wá ṣàyẹ̀wò ọpọlọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ohun tí ojú rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù gbọ́dọ̀ bá ohun tí ìwé aláìsàn sọ mu. Lewy fi ìlànà yìí ṣiṣẹ́ lórí ọpọlọ àwọn tí àrùn Parkinson pa. Ó ń wo apá ọpọlọ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ń ya àwòrán ohun tí ó rí.

Ní ọdún 1912, Alzheimer gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Breslau, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà ṣùgbọ́n tí ó ti di Wrocław ní orílẹ̀-èdè Poland. Lewy bá a lọ síbẹ̀.

Ohun tí ó rí

Ní ọdún 1912 kan náà ni iṣẹ́ Lewy jáde nínú ìwé atọ́nà ńlá kan lórí àìsàn ọpọlọ àti iṣan, èyí tí Max Lewandowsky jẹ́ olóòtú rẹ̀. Lewy ni ó kọ ìpín tí ó dá lórí ohun tí àrùn Parkinson ń ṣe sí ọpọlọ. Níbẹ̀ ni ó ti ṣàpèjúwe àwọn kókó róbótó àti àwọn tí ó gùn díẹ̀, tí wọ́n wà nínú sẹ́ẹ̀lì tàbí nínú àwọn ẹ̀ka tí ó yọ láti ara sẹ́ẹ̀lì. Àwọn kókó náà kò sí lára ohun tí ó yẹ kí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá.

Ibi méjì ni ó ti rí wọn jùlọ. Èkíní wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tí ọpọlọ ti pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn. Àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí iṣan vagus ti ń jáde ni. Iṣan yìí ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí lọ sí ọ̀fun, ọkàn àti ikùn, tí ó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù àti bí oúnjẹ ṣe ń dà. Èkejì wà ní ìpìlẹ̀ ọpọlọ iwájú, nínú àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí a fi orúkọ Theodor Meynert ti ìlú Vienna pè. Láti inú àwọn sẹ́ẹ̀lì Meynert yìí ni okùn tín-ín-rín ti ń lọ sí gbogbo èèpo òde ọpọlọ, ìyẹn apá tí ènìyàn fi ń ronú, tí ó fi ń dá ojú mọ̀, tí ó sì fi ń pa ọkàn pọ̀ sórí nǹkan kan.

Lewy kò lè mọ ìwúlò ibi méjèèjì yìí ní kíkún. Ní ọdún 1912, kò sí ẹni tí ó mọ àwọn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn. Ó ròyìn ohun tí ó rí, ó sì sọ ibi tí ó ti rí i. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún yóò fi parí, ibi kìíní ti di ibi tí àwọn onímọ̀ ń wò fún ìbẹ̀rẹ̀ àrùn Parkinson, ibi kejì sì ti di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ibi tí wọ́n ń wò fún ìdí tí iyè fi ń rà nínú rẹ̀.

Bí kókó náà ṣe gba orúkọ

Lewy kò fi orúkọ ara rẹ̀ pe ohun tí ó rí. Ní ọdún 1913, onímọ̀ ọmọ Spain kan, Gonzalo Rodríguez Lafora, ròyìn irú kókó bẹ́ẹ̀ nínú ọpọlọ aláìsàn kan. Ní ọdún 1919, ọmọ Rọ́ṣíà kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris, Konstantin Tretiakoff, kọ ìwé àṣegboyè rẹ̀ lórí apá ọpọlọ kan tí ó dúdú nítorí àwọ̀ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Substantia nigra ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun dúdú. Tretiakoff fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú yìí máa ń kú nínú àrùn Parkinson, ó sì rí kókó nínú àwọn tí ó ṣẹ́kù. Òun ni ó kọ́kọ́ pè wọ́n ní kókó Lewy.

Láti ìgbà náà lọ, ohun dúdú ni ojú gbogbo ayé wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Lewy alára kò kà á sí ibi pàtàkì nínú àrùn náà. Lóòótọ́, Tretiakoff tọ̀nà nípa ìrìn àti ìgbọ̀nrìrì, nítorí ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì dúdú ni ó ń mú ara le tí ó sì ń mú ìrìn falẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo ojú yí síbẹ̀, àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà mọ́ nípa àwọn ibi tí Lewy ti kọ́kọ́ rí kókó, pàápàá èyí tí ó ní í ṣe pẹ̀lú làákàyè.

Ogun àti ìwé ọdún 1923

Ogun Àgbáyé Kìíní dá iṣẹ́ Lewy dúró. Ó sin Jámánì gẹ́gẹ́ bí dókítà ológun. Alzheimer kú ní Breslau ní ọdún 1915 nígbà tí ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ogun parí, Lewy padà sí Berlin, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Charité.

Ní ọdún 1923, ó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní èdè Jámánì, tí ó dá lórí bí ara ṣe ń le àti bí ó ṣe ń rìn, tí àrùn Parkinson sì jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìwé náà ju ẹgbẹ̀ta ojú-ewé lọ. Ohun tí ó rí lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn nígbà ayé wọn, àti ohun tí ó rí nínú ọpọlọ wọn lẹ́yìn ikú, ni ó kó jọ síbẹ̀.

Nínú ìwé yìí, Lewy kò fi mọ sórí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ó kọ nípa ọkàn àti ìwà àwọn aláìsàn náà pẹ̀lú. Ó ròyìn pé làákàyè ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dín kù, èyí tí ó lòdì sí ohun tí wọ́n ti ń tún sọ láti ìgbà Parkinson. Ó rí ìbátan láàárín àrùn náà àti àwọn àyípadà tí ogbó ń mú bá ọpọlọ. Àwọn oníṣègùn mìíràn kò tẹ̀ lé ipa ọ̀nà yìí. Ní àwọn ọdún náà gan-an, àjàkálẹ̀ àrùn ọpọlọ wíwú kan tí ó ń mú ènìyàn sùn ti jà yí ayé ká, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ara líle àti ìgbọ̀nrìrì. Ohun dúdú ni ó bàjẹ́ jùlọ nínú ọpọlọ wọn, ìyẹn sì túbọ̀ fa ojú àwọn onímọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ìrìn ju ọ̀dọ̀ ìrònú lọ.

Ilé ìwádìí ní Berlin àti bí wọ́n ṣe lé e

Lẹ́yìn tí Lewy ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó ń lépa ohun kan tí kò wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó fẹ́ ilé kan tí ìtọ́jú aláìsàn, yàrá ìwádìí àti ìkọ́ni yóò ti wà pọ̀ fún àìsàn ọpọlọ àti iṣan nìkan, tí kò ní jẹ́ ẹ̀ka kékeré lábẹ́ ìtọ́jú wèrè tàbí ìtọ́jú àìsàn inú. Ní ọdún 1932, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ohun tí ó ń wá. Wọ́n ṣí ilé ìwádìí náà ní Berlin, òun sì ni wọ́n fi ṣe olùdarí rẹ̀.

Ayọ̀ náà kò pé ọdún kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 1933, Adolf Hitler di olórí ìjọba Jámánì. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba Násì ṣe òfin tí ó lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ ìjọba, títí kan àwọn yunifásítì àti ilé ìwòsàn. Lewy pàdánù ilé ìwádìí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹni ọdún 48 ni. Pé ó ti sin orílẹ̀-èdè náà lójú ogun kò gbà á sílẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1934, ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Ìgbé ayé rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ikú rẹ̀

Yunifásítì Pennsylvania ní ìlú Philadelphia ni ó fìdí kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni ó ti yí orúkọ rẹ̀ padà: Fritz Heinrich di Frederic Henry, ó sì fi lẹ́tà kan kún Lewy kí ó lè di Lewey. Ìdí nìyí tí àwọn ìwé tí ó kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ń jẹ́ orúkọ kan, tí kókó tí ó rí sì ń jẹ́ òmíràn. Àwọn mìíràn tí ó ń ka ìwé rẹ̀ lè má mọ̀ pé ẹnì kan náà ni.

Ní Philadelphia, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa bí a ṣe tò ọpọlọ àti iṣan, ó sì ń bá àwọn oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, ó kópa nínú ìwádìí lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe rayon, okùn aṣọ àtọwọ́dá tí ó ń dán bí ṣẹ́dà. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń lò níbẹ̀, carbon disulphide, ń ba iṣan àti ọpọlọ àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fà á símú lójoojúmọ́. Ara àwọn mìíràn nínú wọn ń le, ó sì ń gbọ̀n bí ti ẹni tí ó ní àrùn Parkinson. Irú iṣẹ́ yìí wúlò fún ìlera àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ wọn ń ṣe sí wọn.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ológun lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí lábẹ́ àsíá Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ológun tí ó wà ní Framingham ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí ó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn tàbí àfọ́kù bọ́ǹbù ti gé iṣan wọn. Lẹ́yìn ogun, ó padà sí yunifásítì. Ó kú ní Pennsburg ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹwàá ọdún 1950. Ẹni ọdún 65 ni.

Ohun tí kókó Lewy wá túmọ̀ sí

Nígbà tí Lewy kú, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì ń ṣiyèméjì bóyá kókó náà ṣe pàtàkì rárá. Ní ọdún 1953, Greenfield àti Bosanquet ní London fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n jẹ́ àmì gidi àrùn Parkinson. Ní ọdún 1960, Oleh Hornykiewicz àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vienna fi hàn pé èròjà dopamine ti tán nínú apá ọpọlọ tí ohun dúdú ń ránṣẹ́ sí. Ìwádìí yìí ni ó bí oògùn levodopa, tí ó mú kí àwọn tí kò lè dìde mọ́ tún rìn. Ṣùgbọ́n bí ìrìn àwọn aláìsàn ṣe ń dára sí i, tí wọ́n sì ń pẹ́ láyé, ohun tí oògùn náà kò wò bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e wá di ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé.

Ní ọdún 1961, Haruo Okazaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn aláìsàn méjì tí iyè wọn rà kí wọ́n tó kú, tí kókó Lewy sì kún èèpo òde ọpọlọ wọn. Láti ọdún 1976 lọ, Kenji Kosaka ní orílẹ̀-èdè Japan ròyìn irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní kíkún, ó sì tẹpẹlẹ mọ́ ọn pé àìsàn kan náà ni ó wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Kókó inú èèpo ọpọlọ kò hàn ketekete bí ti inú ohun dúdú, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló fò wọ́n dá. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà tuntun láti fi àwọ̀ mú wọn jáde, ó sì yà wọ́n lẹ́nu bí kókó náà ṣe pọ̀ tó.

Ní ọdún 1997, Maria Grazia Spillantini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ohun tí ó pọ̀ jùlọ nínú kókó Lewy. Purotéènì kan tí ń jẹ́ alpha-synuclein ni. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ni ó ní i, ṣùgbọ́n nínú àìsàn yìí ó ń ká lọ́nà òdì, ó ń lẹ̀ mọ́ra, ó sì ń di okùn tí sẹ́ẹ̀lì kò lè tú. Ní ọdún 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì dábàá pé ìpele mẹ́fà ni àrùn náà ń gbà. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé wọn, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí a ti ń gbóòórùn àti ní orísun iṣan vagus, ó ń gòkè dé ohun dúdú àti àwọn sẹ́ẹ̀lì Meynert, ó sì ń parí sí èèpo òde ọpọlọ. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ó bá ìlànà yìí mu, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé ìdí tí àìgbóòórùn àti ìgbẹ́ líle fi lè ṣáájú ìgbọ̀nrìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti ìdí tí iyè rírà fi sábà máa ń gbẹ̀yìn.

Iyè rírà inú àrùn Parkinson kò ní okùnfà kan ṣoṣo. Kókó Lewy nínú èèpo ọpọlọ jẹ́ ọ̀kan. Ikú àwọn sẹ́ẹ̀lì Meynert jẹ́ èkejì, nítorí àwọn ni ó ń pèsè èròjà acetylcholine fún èèpo ọpọlọ. Bí èròjà yìí bá dín kù, aláìsàn kò ní lè pa ọkàn pọ̀, ìrònú rẹ̀ yóò falẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì máa rí ohun tí kò sí. Ẹ̀kẹta ni àwọn àmì àrùn Alzheimer, tí wọ́n sábà máa ń wà nínú ọpọlọ kan náà pẹ̀lú kókó Lewy. Èyí ni ó fà á tí làákàyè aláìsàn kan fi ń já kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ìmọ̀ yìí ti yí ìtọ́jú padà. Ní ọdún 2004, ìwádìí ńlá kan fi hàn pé oògùn rivastigmine, tí kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè tú ká, ń ran irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wo àrùn náà sàn. Ó tún ti di mímọ̀ pé àwọn oògùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè, bíi haloperidol, lè ṣe ìpalára ńlá fún ẹni tí kókó Lewy wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Ara rẹ̀ lè le gbagidi, ó sì lè yọrí sí ikú. Nítorí náà, ó ṣe pàtàkì kí dókítà mọ irú iyè rírà tí ó ń tọ́jú kí ó tó kọ oògùn fún arúgbó tí ó ń rí ènìyàn tí kò sí.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Sydney ní Australia tẹ̀ lé àwọn aláìsàn Parkinson fún ogún ọdún. Nínú àwọn díẹ̀ tí ó ṣì wà láàyè ní ìparí rẹ̀, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni iyè wọn ti rà. Èyí fi hàn bí ohun tí Lewy kọ ní ọdún 1923 ti sún mọ́ òtítọ́ tó.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí iṣẹ́ tí kókó náà ń ṣe gan-an. Àwọn kan gbà pé òun ni ó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn rò pé ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì ń kó ìdọ̀tí jọ sí ojú kan kí ó má baà tàn ká, àti pé àwọn èérún kéékèèké tí ojú kò tètè rí ni ó léwu jù. Ní ọdún 2019, ìwádìí tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù alágbára ṣe fi hàn pé kì í ṣe purotéènì nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn àwọ̀ inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti fọ́ yángá wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Iyì Lewy nínú ìtàn dúró lórí ìṣọ́ra rẹ̀. Ó wo ibi tí àwọn ẹlòmíràn kò wò, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ nípa làákàyè aláìsàn sínú ìwé nígbà tí ìmọ̀ àkókò rẹ̀ kò béèrè fún un. Àwọn tí ó lé e kúrò ní Berlin gba ilé ìwádìí lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì yí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Berlin ni àwọn dókítà ṣì ń kọ ọ́ lónìí sínú ìwé àwọn aláìsàn káàkiri ayé.